ÈÉFÍN ILÉ ÌDÁNÁ ÀTI ÈÉMÍ ÌYÈ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́
Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 2:4-7, Òwe 10:26

Ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń kọ́ nínú ẹgbẹ́. Ó dá lórí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, àwọn ohun tí ń bà á jẹ́ ní àyíká wa, àti èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ àwa obìnrin láti tún ṣe nínú rẹ̀.

Bí a bá ka Jẹ́nẹ́sísì orí kejì dáadáa, a ó rí i pé gbogbo ẹ̀yà ara Ádámù ti pé, síbẹ̀ kò lè dìde títí Ọlọ́run fi mí sí i. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kì í sì í ṣe omi. Èémí ni. Ènìyàn lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ó má kú, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó lè di imú àti ẹnu rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? John Wesley, baba ìjọ wa, mọ èyí. Ní ọdún 1747, ó tẹ ìwé ìtọ́jú ara kan jáde fún àwọn tálákà tí wọn kò rí owó dókítà san, ó pè é ní Primitive Physic. Nígbà tí ó ń to ìmọ̀ràn lórí bí ara ṣe lè le, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ó fi ṣáájú oúnjẹ àti ohun mímu. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìjọ, kí ó lọ bá Wesley wí.

Bí a bá bi wá léèrè pé kí ni ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ní Adégbayì, tírélà ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ sì ni. Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ní òwúrọ̀, tí tírélà ń tú èéfín dúdú, tí ọ̀kadà ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò mọ ohun tí à ń sọ. Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀, tí ń gbé eruku wá bá wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ti ọyẹ́ kò sí lọ́wọ́ wa. A ń ti fèrèsé, a ń fi ìpara pa ètè, a sì ń dúpẹ́ pé aṣọ tí a fọ̀ tètè gbẹ.

Ṣùgbọ́n èéfín kan wà tí a kì í dárúkọ, nítorí pé àwa fúnra wa ni a ń dá a, ó sì sún mọ́ imú wa ju ti tírélà lọ.

Ní ìgbà òjò kan, a ń se oúnjẹ níbi ìnáwó. Igi tútù ni a rí, iná kò sì fẹ́ ràn. Ẹnì kan kó ọ̀rá omi tí a ti mu tán, ó fi ràn án. Arábìnrin ọ̀dọ́ kan tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù méje ni ó jókòó ti ààrò, tí ó ń fẹ́ iná. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń wúkọ́. Àwa àgbà tí a wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, a ní kò tíì mọ iná dá ni, pé bí ó bá pẹ́ nídìí ààrò bíi tiwa, ojú rẹ̀ yóò mọ́ ọn lára. Kò pẹ́ ni ó ṣubú. A gbé e jáde sí gbangba, a fẹ́ ẹ, a pe orúkọ Jésù, ó sì jí. Ó bímọ láyọ̀ lẹ́yìn náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn wa, òun gan-an ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí.

Nígbà tí Sólómọ́nì ń wá ohun tí yóò fi ọ̀lẹ tí a rán níṣẹ́ wé, èéfín tí ń ta ojú wà lára ohun tí ó rí. Ọba ni, kò dáná rí. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ń se oúnjẹ rẹ̀ ni ó ti gbọ́. Ohun tí Sólómọ́nì kò sọ, tí àwọn onímọ̀ ìlera ti wá fi hàn wá, ni pé ojú tí ń ta kéré nínú rẹ̀.

Eruku kéékèèké wà nínú èéfín igi tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹ mú fọ́nrán irun orí kan, kí ẹ fojú inú là á sí ọgbọ̀n. Ọ̀kan nínú ọgbọ̀n náà ni ìwọ̀n eruku tí à ń wí. Irun imú kò lè dá a dúró, ikọ́ kò lè lé e jáde tán. Ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, apá kan rẹ̀ sì ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ibẹ̀ ni ó ti ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo. Afẹ́fẹ́ olóró kan tún wà nínú èéfín yìí tí àwọn dókítà ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba ipò tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí aboyún bá ń mí i, ọmọ inú rẹ̀ ń pín nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn ìlú òkèèrè ni èyí. Ní abúlé Olórìṣà-Oko, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé níbí, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago wọ ilé ìdáná àwọn ìyá lọ, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí ń wọn eruku èéfín kalẹ̀. Ìdílé 59 ni ó kópa nínú rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2013. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá pín in káàkiri ọjọ́ kan, kò yẹ kí ìwọ̀n eruku yìí kọjá 15. Èyí tí wọ́n bá nínú ilé ìdáná àwọn ìyá wa ju 1,400 lọ. Lóòótọ́ a kì í dáná tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ ẹ tún un kà. Wọ́n wá fún àwọn ìyá náà ní sítóòfù onígi tí a ṣe lọ́nà tí kò fi ní máa rú èéfín púpọ̀, ó sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 130. Ikọ́ àti àyà fífún dínkù lára ìyá àti ọmọ. Inú wa dùn nígbà tí a gbọ́ èyí, títí tí ọ̀kan nínú wa tí ó jẹ́ olùkọ́ fi ṣírò rẹ̀ fún wa pé 130 ṣì tó ìlọ́po mẹ́jọ 15, ó tún lé. Sítóòfù onígi tí ó dára sàn ju òkúta mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n igi ṣì ni igi ń jẹ́.

Ìwádìí kejì ni ó kan àwọn aboyún, inú ìgboro Ìbàdàn gan-an ni wọ́n sì ti ṣe é, láti ọdún 2013 sí 2015. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópàdé, tí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn kí ó tó lọ máa kọ́ni ní Chicago, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n kó aboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná jọ. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóòfù tí ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, èyí tí í ṣe ìbátan ògógóró (iná ni a ń fi í dá o, a kì í mu ún), ìdajì yòókù sì ń bá ohun tí wọ́n ti ń lò bọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn kí wọ́n tó bímọ, láàárín àwọn tí ń lo igi àti kẹrosíìnì, ó ju ẹni 6 lọ nínú 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Láàárín àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun, kò tó ẹni 2 nínú 100. Àwọn tí ó ti ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀ ni ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2018 fi kún un pé oyún àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun pẹ́ nínú ju ti àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rò pé bí a ti kúrò nídìí igi bọ́ sórí sítóòfù oníkẹrosíìnì, a ti bọ́ nínú ewu, nítorí pé èéfín rẹ̀ kò ta ojú tó ti igi. Èyí tí kò ta ojú ni ó ń ru ẹ̀jẹ̀ aboyún sókè. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fojú aboyún rí ní yàrá ìrọbí. Iye ìgbà tí a ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ kò lóǹkà, a ń dè é mọ́lẹ̀, a ń lé e jáde. Ẹ jẹ́ kí àdúrà má dá dúró, ṣùgbọ́n kí a yẹ ilé ìdáná náà wò.

Ní ti gbogbo ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé ni ó fa ikú ènìyàn mílíọ̀nù 3.2, àti pé ó ju 237,000 nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Òtútù àyà ni ó sábà máa ń pa àwọn ọmọdé náà. Ti àgbà ni àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ikọ́ tí kò lọ mọ́, àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára ẹni tí kò mu sìgá rí.

A ní àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó jẹ́ pé gàrí ni iṣẹ́ wọn, ní Ẹgbẹ́dá, ní Lágelú àti ní àwọn abà Ọ̀nà-Àrà. Àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìyá tí ń se ọbẹ̀ lè kúrò nídìí iná fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ń yan gàrí kò lè kúrò, nítorí pé bí ó bá yí ẹ̀yìn padà, agbada yóò jó o. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń fi igbá tì í lọ tì í bọ̀, ooru níwájú, èéfín lójú, ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀yìn yẹn ni kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, ó sì ń mí léraléra ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ bá wa wá ẹni tí yóò gbé e jìnnà sí ìdí agbada, ìbáà ṣe ìyá àgbà, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí iná wà. A ti rí ibi tí wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri sáàárín ẹnu iná àti ẹni tí ń yan gàrí, tí ẹnu iná wà lẹ́yìn, tí ihò gíga sì ń gba òkè òrùlé gbé èéfín lọ. Bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe é. Igi gbígbẹ tí a là wẹ́wẹ́ kì í rú èéfín tó igi tútù, nítorí náà ó dára kí a ti kó igi pamọ́ kí òjò tó dé. Ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú kì í pẹ́ lórí iná tó èyí tí a kò rẹ. Kí a ṣí fèrèsé, tàbí kí a gbé ààrò jáde sábẹ́ àtíbàbà. Ohun kékeré ni gbogbo èyí, àmọ́ kò ná wa lówó púpọ̀.

Ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ sínú: gáàsì ńkọ́? Gáàsì ni ó dára jù nínú ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Bí sílíńdà bá wà níta ilé, tí a ń fi omi ọṣẹ dán ojú rọ́bà rẹ̀ wò bóyá ó ń jò, tí a sì ṣí fèrèsé kí a tó ṣáná, ẹ̀rù rẹ̀ kò tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Owó ni ó kù. Ìyá tí ó ra gáàsì lóṣù tí ó kọjá lè padà sídìí èédú lóṣù yìí, a kò sì ní bá a wí. Èrò wa nìyí, kí ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò: a kò lè fi ìbáwí lé èéfín jáde kúrò nílé ìdáná. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀, ẹnì kan ni ó bá àwọn onílé gbé ẹrù owó náà.

Ẹ wo Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú tí wọ́n ń wa nínú ilẹ̀ dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo gbogbo ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò rí iwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó bá a lọ. Àwọn tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn ìgbà náà ní ó lè tó 12,000. Ilé iṣẹ́ ń rú èéfín, ṣùgbọ́n ààrò inú ilé àwọn ará ìlú wà lára ohun tí ó fà á pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba wọn ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní ọdún 1956, wọn kò kàn pàṣẹ pé kí ìyá arúgbó pa ààrò rẹ̀. Wọ́n bá onílé san púpọ̀ nínú owó tí yóò fi ṣe ààrò mìíràn. Ní ilé tiwa, ta ni yóò bá ìyá san? Ọkọ tí ń jẹ ọbẹ̀ náà ni a fẹ́ kọ́kọ́ bi. Ẹgbẹ́ ni yóò tẹ̀lé e.

Àwọn èéfín kan wà tí obìnrin kan kò lè dá nìkan pa. Ní Kúmápàyí ní Olódó, tí kò jìnnà sí wa, ìdàrọ́ òjé tí ó ti ara bátìrì mọ́tò wá ni wọ́n dà sílẹ̀, àwọn onímọ̀ sì bá òjé púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbẹ, eruku rẹ̀ ń gbé òjé kiri, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bá jà. Ní Sàmfárà ní ọdún 2010, ó ju 400 ọmọ lọ tí eruku òjé pa nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó lẹ́yìnkùlé ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ sọ fún baálẹ̀, ẹ sọ fún àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀. Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ kì í gbọ́. Òjé wà nínú epo pẹtiróòlù tí mọ́tò ń sun nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà ní ọ̀dọ́. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ wa péjọ ní Dakar, wọ́n pinnu láti yọ ọ́ kúrò, nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 2006 sì fi dé, wọ́n ti ṣe é ní gbogbo ìhà ìsàlẹ̀ Sàhárà. Algeria ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ pàǹtírí kò gùn. Ààtàn ńlá wà ní Lapite ní Akínyẹlé àti ní Aba-Eku ní Ọ̀nà-Àrà, ẹni tí ó bá ń gbé nítòsí wọn mọ ohun tí èéfín wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ààtàn kéékèèké ni gbogbo wa ń sun lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọ̀rá, rọ́bà àti táyà kò yẹ kí ó rí iná rárá, nítorí pé oró tí ń bẹ nínú èéfín wọn ju ti igi lọ. Kí a má fi ọ̀rá ràn ààrò mọ́. Kí a má sì ra pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà sun. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ìdílé tí ó sùn tì í tí wọn kò jí mọ́ ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Ìta gbangba ni ibùjókòó rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná, kì í sì í ṣe abẹ́ fèrèsé, ìbáà jẹ́ pé olè ń bẹ. Ìkòkò èédú tí a gbé wọ yàrá nígbà òtútù ń pani bákan náà.

Ní Adégbayì níbí, a ti bẹ̀rẹ̀ àjọ kan fún sílíńdà. Kò yàtọ̀ sí èyí tí a máa ń dá fún aṣọ ọdún, àfi pé àwọn aboyún àti àwọn tí ń tọ́mọ lọ́wọ́ ni a fi síwájú nínú kíkó o, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà a sì dúró dè wọ́n. Àwọn kan kùn pé ọdún 30 ni àwọn fi fẹ́ iná tí ẹnikẹ́ni kò dá àjọ fún àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń dá a.

Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, iṣẹ́ kan wà fún gbogbo wa. Kí oníkálukú gé aṣọ funfun tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ó fi kọ́ nílé ìdáná ní ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà nígbà tí ó bá ń dáná. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí ó tú u, kí ó má ṣe fọ̀ ọ́. Kí ẹni tí ń yan gàrí mú tirẹ̀ wá, kí ẹni tí ń lo èédú mú tirẹ̀, kí ẹni tí ń lo gáàsì náà má ṣe gbàgbé tirẹ̀ sílé. A ó tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì kan náà.